Aṣọ Ìbora Màmá Kò Tíì Parí

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ti ń ránṣọ ní Ìbàdàn láti ọdún 1988, bá wa sọ níbi ìpàdé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn tí kò ráyè wálé ló bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fi ránṣẹ́ sórí grúùpù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́.



Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́, mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ nípa ohun tí ẹ̀ ń rán lọ́wọ́." Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí mò ń rán lọ́wọ́, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì parí. Ṣé ohun tí aránṣọ ń gbé síwájú èrò nìyẹn? Àmọ́ mo ti gbà, mo sì ti gbé e dání. Ẹ bá mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì yẹn. Ẹ rọra o, abẹ́rẹ́ ṣì wà létí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Kí n tètè sọ fún yín, mo yá aṣọ yìí ni. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà mi ò ní pẹ́ jù.

Aṣọ ìbora ni. Àgékù aṣọ ni mo fi rán an, àwọn tó máa ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gé aṣọ tán. Àwọn òyìnbó ń pe irú rẹ̀ ní kúìtì. Tiwọn máa ń ní ìpele mẹ́ta: àgékù tí wọ́n rán pọ̀ lókè, òwú fẹ́lẹ́ láàárín, odindi aṣọ kan nísàlẹ̀, wọ́n á wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra kó má baà máa sún kiri. Ooru ilẹ̀ wa ò gba òwú láàárín o jàre. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, tó ti rọ̀, ni mo fi sábẹ́ tèmi, ó ti tó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, íǹṣì mẹ́fà àbọ̀ ni mo gé e níbùú lóòró. Tí a bá ti rán an pọ̀, ìdámẹ́rin íǹṣì á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, íǹṣì mẹ́fà á kù. Ẹyọ mẹ́wàá ló wà ní ìlà kan. Ìlà méjìlá ni mo fẹ́. Ẹyọ 120 ni gbogbo rẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀. Màmá máa pé ẹni ọgọ́rin ọdún ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, mo sì rò ó pé kí ni mo fẹ́ fún obìnrin tó ní aṣọ ju èmi lọ? Àwọn àgbà sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà ni mo wá lé. Mo ní kí n kó àgékù gbogbo aṣọ tí ẹbí wa ti dá láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, kí n fi ṣe nǹkan kan tí wọ́n á máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ìgbéyàwó wa, ti ìsọmọlórúkọ, ti òkú Bàbá, ti ìjáde ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Èmi ni mo rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àgékù wọn sì wà nínú àpò mẹ́ta lórí àjà ṣọ́ọ̀bù mi.

Àgékù ẹbí mi ni mo wí o. Àgékù oníbàárà, oníbàárà ló ni ín. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn: ẹ dì í, ẹ fi sínú nylon pẹ̀lú aṣọ tí ẹ rán. Tí oníbàárà bá ní ká jù ú nù, ìgbà yẹn ló tó di tiwa. Orúkọ tí wọ́n ti sọ àwa télọ̀ tẹ́lẹ̀ tó o.

Mo wá ṣírò iṣẹ́ náà lórí ìwé. Ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́, ogójì ọjọ́, ó tán! Kó tó di ọdún tuntun, aṣọ ti délé. Mo ń wo ẹ̀yin aránṣọ tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí oṣù Kẹwàá sí Kejìlá jẹ́. Ìgbà ówàńbẹ̀ ni. Aṣọ ẹbí á kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan á gbé léèsì wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Sátidé yìí ni o, ẹ má dójú tì mí." Ìwọ náà á wo ojú rẹ̀, á ṣe ẹ́ bíi pé kó o lé e, o ò sì ní lé e, torí owó ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní oṣù Kìíní. Nígbà tí ọdún 2019 fi parí, ẹyọ mọ́kànlá ni mo ti rán. Mọ́kànlá o!

Ọdún 2020 dé. Gbogbo yín rántí. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta ni ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Ní tiwa ní Ìbàdàn, kónílé-ó-gbélé alẹ́ ni, àmọ́ òde àríyá ti dúró pátápátá, kò sẹ́ni tó ń ránṣọ. Ẹ ó ní àyè rèé. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé àpò àgékù sọ̀ kalẹ̀, mo fọ ṣọ́ọ̀bù, mo epo sí máṣíìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, gbogbo ayé ń wá ìbòmú. Aládùúgbò wá, ṣọ́ọ̀ṣì wá, mọ́ṣáláṣí wá. Ọjà ò ṣí bó ṣe yẹ, níbo ni mo ti fẹ́ ra àńkárá? Àgékù Màmá ni mo gé. Méjì nínú àpò mẹ́ta yẹn, ìbòmú ni wọ́n bá lọ. Àńkárá ìgbéyàwó àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà Mọ́kọ́lá títí oṣù Kẹjọ. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀, ebi ò pa wá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Màmá pé ọgọ́rin ọdún, àwa mẹ́jọ la jókòó jẹ ìrẹsì, àga jìnnà síra, mi ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìlà méjì tí mo ká sínú báàgì. Mi ò yọ ọ́ jáde. Ojú tì mí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú Màmá ló pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife." Mo ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ bu omi, wọ́n á dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, wọ́n á wá bínú pé ta ló gbé ife kúrò. Wọ́n ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. A ti rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tí mò ń lọ yìí dáadáa, ó ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Nígbà tí a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó ní glaucoma ni. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa pé omi kan wà nínú ẹyinjú tó yẹ kó máa ṣàn jáde. Bí kò bá ṣàn jáde dáadáa, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ nínú ojú, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èèyàn á ṣì máa rí iwájú, á ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ dunni. Èyí tó bá ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú, tàbí iṣẹ́ abẹ, ló lè bá wa dá èyí tó kù dúró.

Dókítà wá wo àwa ọmọ. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ó ní kí gbogbo wa wá ṣàyẹ̀wò. Èmi bọ́ níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí ń wakọ̀ láti Èkó wálé lóṣooṣù, ẹni ọdún 49 nígbà yẹn, wọ́n bá a lójú tiẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Ó ti ń kán oògùn báyìí láàárọ̀ lálẹ́, ó sì ṣì ń ríran dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ṣáà lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ó dáa. Mo padà sórí aṣọ.

Mo wálé lọ wo Màmá. Mo gbé agolo bisikíìtì tí mo ń kó ẹyọ aṣọ sí dání, torí mo rò pé bí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án, màá máa rán díẹ̀. Mo jáde lọ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lójúde. Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ti ṣí agolo. Wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sórí itan, wọ́n ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn ò wo aṣọ rárá, ojú fèrèsé ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n ní, "Àrán rèé. Ìyá Ìbejì, ìgbà tí wọ́n sọ àwọn ìbejì rẹ lórúkọ ni." Wọ́n mú òmíràn. "Léèsì òkú Bàbá yín. Ó ń gún mi lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ." Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dọjọ́ yẹn pé léèsì tí mo rán fún wọn ń gún wọn lọ́rùn!

Wọ́n mú àńkárá mẹ́ta léraléra, wọn ò dá ọ̀kankan mọ̀. Gbogbo àńkárá, bákan náà ló rí lọ́wọ́. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló yí iṣẹ́ náà padà mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ni mo fi ń to aṣọ yẹn: pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò, bí òyìnbó ṣe ń ṣe é. Ta ló máa wò ó? Mo tú ìlà méjì tí mo ti rán tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún ìka.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tí mo ṣe yẹn, ohun tí a máa ń lù ọmọ iṣẹ́ fún ni. A kì í da aṣọ tó nípọn pọ̀ mọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aṣọ òkè máa ń tú òwú létí bí ẹni ń sunkún. Àfi kí n lẹ gum stay sẹ́yìn rẹ̀ kí n tó gé e. Léèsì ní ihò, mo gbọ́dọ̀ fi láínì sábẹ́ rẹ̀. Àrán máa ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó ń yọ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń rán an. Àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ó máa ń ní kókó kéékèèké níbi tí wọ́n ti so ó. Èyí tí mo ní, mi ò fi áyọ́ọ̀nù kàn án rárá kí àmì yẹn má baà lọ. Àdìrẹ yẹn náà fún mi níṣẹ́. Mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó rán an, aró rẹ̀ ràn mọ́ léèsì funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó lápá òsì yẹn. Ẹ fi omi tútù fọ àdìrẹ yín títí omi á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì.

Àńkárá ńkọ́, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà? Mo fi òwú tó nípọn ṣe kókó sí i lára. Ọmọ márùn-ún ni Màmá bí. Èyí tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ mi, kókó kan, torí èmi ni àkọ́bí. Ti àbúrò tó tẹ̀ lé mi, kókó méjì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé márùn-ún. Màmá mú u mọ́ra lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á fi àtàǹpàkò kà á, wọ́n á ní, "Mẹ́rin. Ti ìgbà tí ó kúrò ní yunifásítì." Òtítọ́ ni.

Kẹ́hìndé mi tó wà ní Amẹ́ríkà rí àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp, ló bá sọ fún mi nípa abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Àwọn obìnrin dúdú ibẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ti ń fi aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó rán aṣọ ìbora tipẹ́tipẹ́, nítorí òtútù. Ọdún 2002 ni wọ́n gbé àwọn aṣọ náà lọ sí Whitney Museum ní New York fún aráyé wò, nígbà tó di ọdún 2006, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Missouri Pettway. Ní ọdún 1942, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó aṣọ tí ọkọ náà fi ń ṣiṣẹ́ oko, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin fi rán aṣọ ìbora. Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, ẹ ò rí i pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe ní ìtàn?" Mo ní èmi ò mọ ìtàn Alabama, àmọ́ ẹ̀kú egúngún ilé bàbá mi ńkọ́? Ṣebí ọdọọdún ni wọ́n ń fi aṣọ tuntun kún un, ta ló ti rí i kó parí? Aṣọ òkè gan-an tí a fi ń yangàn, ṣebí ọ̀já tínínrín tínínrín ni aláṣọ òkè ń hun, tí wọ́n ń rán pọ̀ kó tó di ìró.

Ọ̀rọ̀ Missouri Pettway yẹn ló sì kó mi sí wàhálà. Mo ní àfi kí aṣọ Bàbá wọ inú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú àpótí aṣọ wọn láti ọdún 2003 tí wọ́n ti lọ. Dàńṣíkí ẹtù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sípàdé ìlú. Mo ní kó fún mi kí n gé díẹ̀ lára rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Síṣọ́ọ̀sì ò ní kan aṣọ Bàbá níṣojú mi." Mo ní aṣọ tó wà nínú àpótí tí kòkòrò ń jẹ, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ó ní èmi wà ní Ìbàdàn tí mò ń rán àkísà, òun lòun ń kán oògùn sí Màmá lójú lójoojúmọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, torí òótọ́ ni. Oṣù mẹ́ta la fi ń kí ara wa "ẹ káàárọ̀" lásán.

Màmá ló parí rẹ̀. Wọ́n pe àwa méjèèjì jókòó, wọ́n ní, "Dàńṣíkí yẹn, ṣé kò ní àpò ni?"

A wo ara wa. Àpò méjì ló wà níwájú rẹ̀. Títú là ń tú àpò, a kì í gé e. Àbúrò mi ló mú abẹ tú u fúnra rẹ̀, òwú kan lẹ́yìn òmíràn, èmi kàn di aṣọ mú ni. Nígbà tó ṣí kúrò, ibi tí àpò náà bò tẹ́lẹ̀ ṣì dúdú kirikiri bí ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́ láró, ìyókù ti ṣá. Èérún obì wà ní ìsàlẹ̀ àpò náà. Àbúrò mi bú sẹ́kún, èmi náà ò sì dákẹ́. Dàńṣíkí ṣì wà nínú àpótí lódindi títí dòní, àpò kan ló kù lára rẹ̀.

Ẹ wò ó níbí, ìlà kẹta, ẹyọ karùn-ún. Mi ò rán orí rẹ̀ pa o. Mo fi sílẹ̀ ní àpò. Ẹ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ má bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni Màmá ń kó ìgò oògùn ojú wọn sí. Tẹ́lẹ̀, orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á máa táràrà, wọ́n á gbá a ṣubú. Báyìí wọ́n mọ ibi tó wà lóru, láìtan iná.

Àwọn kan nínú yín ti ń wò mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó nígbà tí kò tíì parí. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọdún 2023, ẹ rántí bí owó ṣe wọ́n ní oṣù Kejì, tí náírà ò sí, tí a ń tò ní báńkì láti òru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ mi di ohun ọ̀ṣọ́. Máṣíìnì aláfẹsẹ̀tẹ̀ ni mo padà sí, ìyẹn fún iṣẹ́ oníbàárà. Aṣọ Màmá, ọwọ́ ló kù tí mo fi ń rán an. Mo wá ri í pé mi ò lè rí wákàtí kan gbáko jókòó tì í mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń rí. Ìṣẹ́jú méje nígbà mìíràn. Mo wá pín in sí ìwọ̀n ìṣẹ́jú yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, màá gé ẹyọ mẹ́rin, màá fi píìnì so wọ́n ní méjì méjì, màá fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, màá kó gbogbo ẹ̀ sínú agolo. Tí oníbàárà bá wọlé, ibi tí mo bá dé ni màá fi píìnì sí. Ohun kan ni mi ò ní ṣe: mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tuntun tí mo bá ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyẹn náà ò ní kí nǹkan má ṣẹlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan fi ẹyọ mẹ́ta dán máṣíìnì wò, ó rò pé àkísà ni. Ó tọ̀nà, àkísà ni. Ọmọ ọmọ mi da ògì sórí ìlà karùn-ún. Iná lọ lọ́jọ́ kan, mo ní mo mọ̀ ọ́n lórí, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rán ìlà keje mọ́ ìkẹfà. Ilẹ̀ mọ́, ó dojú dé. Mo tú u fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ bá Táíwò mi tọ́jú abiyamọ ní Abẹ́òkúta, oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, wọ́n ń sọ ọ́, àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kò ní oníbàárà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, dókítà ní ojú ọ̀tún Màmá ti lọ tán. Ti òsì ló kù, ibi kékeré láàárín rẹ̀. Mo padà sí Ìbàdàn, mi ò lè sùn. Ìlà mẹ́rin ni mo ti ní. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ ní 2019: bí mo ṣe ń lọ yìí, Màmá á ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́rin kí n tó parí. Ta ló bá mi bá Ọlọ́run ṣàdéhùn?

Mo tú ìdí aṣọ náà. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ parí gbogbo òkè kí n tó fi aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Mo wá ń fi aṣọ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó lè dá dúró, kí n lè so ìlà tuntun mọ́ ọn nígbàkígbà. Mo gbé ìlà mẹ́rin wálé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kò ju ohun tí wọ́n lè fi bo orúnkún lọ. Ojú ń tì mí, mo ní, "Màmá, kò tíì parí o." Wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n wá etí rẹ̀ kàn yíká, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ò tíì parí. Mo ṣáà ń lò yín bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti ní ìlà kan, màá gbé e wálé, màá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn, màá rán an mọ́ ọn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ló wà níwájú yín yìí. Ẹyọ mẹ́sàn-án ti wà nínú agolo. Ó ku 31.

Ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀ rèé, mi ò ní purọ́: mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Màmá ń bèèrè kàm̀pálà kan tí ẹgbẹ́ wọn dá nígbà tí a ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa. Wọ́n ní wọ́n lù ú títí ó fi ń dán, ó ń dún ṣáká ṣáká tí èèyàn bá ń rìn. Wọ́n ní ìró yẹn làwọn fẹ́ gbọ́. Tiwọn ti gbó dànù tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní in nínú àpótí ìyá rẹ̀, mi ò ní kó gé odindi rẹ̀. Íǹṣì mẹ́fà àbọ̀ ni. Bí ó bá sì ní àpò, mo mọ bí a ṣe ń tú u.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bá mi ká a. Ẹ wo inú àpò yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó ká a o, mo rò pé mo gbàgbé láti yọ ìgò oògùn, aago mẹ́fà ni wọ́n sì máa ń kán an.